Àwòrán Ilé Kò Mọ Ọjọ́: Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Gbogbo Ẹni Tí Ń Kọ́lé ní Wárí

Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin ayàwòrán-ilé, àti ẹ̀yin olówó tí ẹ ń tú àpò yín kí ilé lè dìde ní Wárí, ìlú Olú, ìlú epo rọ̀bì, ìlú tí Itsekiri, Urhobo àti Ijaw jọ ń gbé, tí àwa ọmọ Yorùbá pẹ̀lú sì ti ń fi òógùn ojú jẹun nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí owó ńlá wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan bá rí owó díẹ̀ kó jọ, tí ó sì fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ètò tí a fi ń ya àwòrán ilé ni ó kọ́kọ́ ń rà. Bí ó bá sì ti rí àwòrán náà tí ó ń dán gbinrin, tí ilé ń yí bírí kí a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbà pé òun ti bọ́ sínú ọ̀làjú. Èmi wí pé kò ì bọ́ síbẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ìkọ́lé wa ṣe aláìní jù lọ ni ètò tí ń ka ọjọ́, tí ń ṣọ́ owó, tí sì ń pa àkọsílẹ̀ mọ́. Òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé.

Ètò méjèèjì yìí jọ ń gbé inú kọ̀ǹpútà kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀. AutoCAD, tí ó jáde ní December 1982, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ́ńsù àti rúlà; ArchiCAD tí àwọn ará Hungary ṣe, àti Revit tí Autodesk, ilé-iṣẹ́ tí ó ni AutoCAD, rà ní 2002, tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ògiri tí a bá yà sínú wọn mọ ara rẹ̀ ní ògiri, a sì lè ti ara rẹ̀ ka iye ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìmọ̀ ńlá ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹ̀yà kejì, èyí tí ń ka ọjọ́, ni Primavera, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí Oracle sì rà ní 2008, àti Microsoft Project tí ó jáde ní 1984. Ọgbọ́n inú wọn dàgbà jù wọ́n lọ: láti 1957 ni Morgan Walker ti DuPont àti James Kelley ti Remington Rand, ní Amẹ́ríkà, ti wá ọ̀nà tí a óò fi mọ̀, nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó so kọ́ra wọn, èyí tí kò gbọdọ̀ pẹ́ ní ọjọ́ kan kí gbogbo rẹ̀ má baà pẹ́, àti èyí tí ó lè dúró díẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bí ọ̀dà ìta bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, kò ba nǹkan jẹ́; bí irin òpó bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, dékìn pẹ́, òrùlé pẹ́, ẹni tí ó ti san owó ilé náà sì ń bẹ lójú títì.

Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí, kí ó lọ sí Ujevwu ní ẹ̀bá Wárí, kí ó wo ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ní 1982 ni ilé-iṣẹ́ irin Aladja, tí kò jìnnà síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1987 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ojú irin tí yóò máa gbé òkúta irin Itakpe wá fún un. Ó di September 2020 kí a tó ṣí ojú irin náà, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 326 kìlómítà. Ọdún 33 gbáko! Nígbà tí ọ̀nà dé, ilé-iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ là á kò ní agbára ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé àwọn ẹnjiníà kò mọ bí a ti ń ya ojú irin. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni a fi sẹ́yìn, iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ kò sì ní ọjọ́ ìparí tí ẹnikẹ́ni ní láti dáhùn fún. Àwọn kan yóò wí pé owó ìjọba ni ó ń dáwọ́ dúró, pé kọ̀ǹpútà kì í sì í ya owó sọ́tọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ètò bá wà, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣooṣù, ìdádúró kọ̀ọ̀kan yóò ní ọjọ́, yóò ní iye owó, yóò sì ní orúkọ ẹni tí ó fà á, kò sì rọrùn fún alágbára láti sùn lórí ohun tí gbogbo ayé ń kà.

Ilẹ̀ Wárí fúnra rẹ̀ ń bèèrè irú ètò yìí. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Òjò tiwa kì í sì í ṣe òjò kékeré, bẹ́ẹ̀ ni omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ihò ìpìlẹ̀ ní July, kí ó wo ohun tí yóò bá níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì: omi pupa yóò ti kún ihò dé ìdajì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ti ya wọlé, ẹ̀rọ tí ń fa omi yóò máa ké láti àárọ̀ dé alẹ́, yóò sì máa mu epo, àwọn bíríkìlà yóò jókòó, owó ojúmọ́ wọn kò sì ní jókòó, irin tí a ti tẹ̀ tí a sì ti so yóò máa dípẹtà lójú gbogbo wọn. Òkúta tí a fi ń po kọnkéré kò sí lábẹ́ ilẹ̀ wa. Láti àríwá ìpínlẹ̀ Edo ni tírélà ti ń gbé e bọ̀, lójú ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́. Kọnkéré tí a sì ti dà, ọjọ́ 28 ni a ń retí kí a tó fi ìdánwò mọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Àwòrán tí ó dára jù lọ láyé kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ètò tí ń ka ọjọ́ mọ̀ ọ́n, bí a bá ti sọ fún un, yóò sì kìlọ̀ fún olówó ní February pé bí kò bá san owó òkúta nísinsìnyí, inú omi ni yóò bá iṣẹ́ rẹ̀ ní July.

Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ni ó wà lọ́kàn mi jù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ikoyi, wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Kí a tó gbé òkú tán, ọ̀gá àjọ tí ń ṣọ́ ìkọ́lé l'Ékòó wí pé àjà 15 ni ìjọba fọwọ́ sí. Igbákejì gómìnà wí pé 21 ni. Irú àkọsílẹ̀ wo ni èyí, tí ẹ̀mí lọ bẹ́ẹ̀, tí òṣìṣẹ́ méjì nínú ìjọba kan náà kò sì rí ìwé kan ṣoṣo tí ẹnu wọn yóò kò lé? Àrùn kan náà wà níhìn-ín. Pláànù tí ó wà lọ́wọ́ fọ́máànù ti ya, sìmẹ́ńtì ti bo igun rẹ̀. Ayàwòrán-ilé ti yí iye irin òpó padà, ó fi tuntun ránṣẹ́ sí fóònù ẹnjiníà, kò sì dé ọ̀dọ̀ fọ́máànù, òpó tí ó yẹ kí ó ní irin mẹ́jọ sì dìde pẹ̀lú mẹ́fà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Báwo ni a óò ti yàn, nígbà tí gbogbo alángbá dakùn délẹ̀ tí a kò mọ èyí tí inú ń run? Ẹni tí ń kọ́ ilé alájà kan sí Ekpan kò nílò Primavera. ProjectLibre tí a kì í sanwó fún tó o, FreeCAD sì wà fún àwòrán. Ẹni tí ń kọ́ afárá tàbí ilé-ìwòsàn ni kí ó ra ńlá. Kí a sì rántí pé láti 2016 ni Autodesk ti ṣíwọ́ títa ètò rẹ̀ ní èyí tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì di tiwa títí: owó ìgbà-dé-ìgbà ni, dọ́là ni a sì fi ń ṣírò rẹ̀, ọjọ́ tí a kò bá san án, ilẹ̀kùn tì. Nítorí náà, kí a má ra èyíkéyìí tí kò lè kó iṣẹ́ wa jáde ní irú fáìlì tí ètò mìíràn lè ṣí, bíi IFC. Ẹ̀dà tí a jí, tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́ ilé ọmọ ènìyàn.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di ọ̀ranyàn láti April 2016 pé àwọn agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àwòrán àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ jíṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mo bẹ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí iṣẹ́ òde ní Asaba, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, pé kí ó kọ ọ́ sínú gbogbo àdéhùn pé owó kò ní jáde bí kò bá sí ètò ọjọ́ tí a tún ṣe lóṣù náà, àti pé fáìlì gbogbo yóò di ti ìjọba nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ní PTI, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ epo rọ̀bì, àti ní yunifásítì epo rọ̀bì ní Effurun pé kí wọ́n fi kíka ọjọ́ kọ́ àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ti ń fi yíya àwòrán kọ́ wọn. Ẹ̀yin olówó aládàáni, ẹ má ṣe fi ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀ kí agbaṣẹ́ṣe yín tó fi ètò ọjọ́ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tí ó bá kàn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.