Ìtọ̀ Ehoro Tí Ń Ṣàìsàn Kì í Ṣe Ọjà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, láti ọdún 2020 tí àrùn ẹ̀jẹ̀-dídà ehoro ti wọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ń béèrè pé ta ni ó fi májèlé pa ẹran tí ó jẹun dáadáa lánàá. Kì í ṣe májèlé, fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò máa dì wẹ́wẹ́ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, títí kan ti kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá mọ́, kíndìnrín kò sì lè sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde, ó sì lè wà nínú òkú ehoro fún oṣù mẹ́ta. Nítorí náà ni mo ṣe lòdì sí àwọn tí ń ta ìtọ̀ láti ilé ehoro tí àrùn wà fún aládùúgbò tí ó fẹ́ fi wọ́n ẹ̀fọ́. Owó ni, mo mọ̀. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà wa ni ó ń bá dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Tẹtirasáìkílìnì kò ràn án. Ẹ rì òkú mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹ sì pe oníṣègùn ẹran kí ẹ tó ta ohunkóhun.