Ìwé Ọ̀fẹ́ Orí Ayélujára àti Ìtàn Igbó Olókun

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bí ẹni tí a bi léèrè bá mọ ọ̀nà. Lóde òní, ayélujára ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń bi léèrè. Ewu ibẹ̀, pàápàá nínú ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, ni pé ìwé tí ó rọrùn jù láti rí lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó ti gbó jù. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni ó fà á: bí ìwé bá pẹ́, ẹ̀tọ́ náà á dópin, ẹnikẹ́ni sì lè gbé e síta. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tuntun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí owó ń ṣí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, wá walẹ̀ níbẹ̀. Ẹwà iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ yà á lẹ́nu débi pé ó ní àṣẹ́kù Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí òkun gbé mì. Ìwé rẹ̀, The Voice of Africa, tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ nínú igbó kan náà. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000, àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì tí ó lé ní 800. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ṣe gíláàsì náà. Àbọ̀ ìwádìí yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Antiquity ní 2017.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró sórí ìwé ọ̀fẹ́ nìkan yóò máa fi ọgbọ́n baba rẹ̀ fún àjèjì. Èyí kò sọ pé kí a sun ìwé Frobenius níná. Ohun tí ó fojú rí wúlò. Ìtumọ̀ tí ó fún un ni kò dúró.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ orúkọ ibi náà sínú Google Scholar láìfi àmì ohùn sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ṣe kọ ọ́. Bí àpilẹ̀kọ bá tilẹ̀ jẹ́ ti olówó, àkékúrú rẹ̀ sábà máa ń wà lọ́fẹ̀ẹ́. JSTOR pẹ̀lú ń jẹ́ kí ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ka àwọn àpilẹ̀kọ mélòó kan láìsanwó.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti má ṣe gba “orí ayélujára ni mo ti rí i” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Kí ó béèrè pé: ta ni ó walẹ̀, ọdún wo ni, kí ni ó sì bá níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ìwé kan ṣoṣo lè ṣì lọ́nà.