Ohun Tí Wọ́n Ń Wá Lẹ́nu Awakọ̀ Bàálù Kí Wọ́n Tó Gbà Á Síṣẹ́

Láti ìgbà tí bàálù Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn òbí tó ń bi wá léèrè nípa iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ti pọ̀ sí i. Ìbéèrè wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: èló ni wọ́n ń gbà nílé ẹ̀kọ́, ṣé ẹni tó bá jáde ń ríṣẹ́, àti pé ta ni a mọ̀ níbẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń kọ wá lóminú jù. A ò ní purọ́ pé kò sí ẹsẹ̀ gírígírí àti ojú mímọ̀ nínú iṣẹ́ bàálù ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń bi àwọn awakọ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yóò rí i pé inú ilé ni ìdáhùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tó mọ ibi tí Zaria wà pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, nítorí òun ló ń mú kí ènìyàn ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ti jáde. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Kí ọmọ tó lè gba ìwé àṣẹ tí yóò fi máa wa bàálù gbowó, ó ní láti fò tó wákàtí 150 sí 200, gbogbo wákàtí yẹn ló sì ń jẹ epo, tó ń jẹ owó olùkọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé owó kò parí síbẹ̀. Irú bàálù ńlá kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: ẹni tó kọ́ Boeing 737 kò lè jókòó sídìí Airbus láìjẹ́ pé ó tún kọ́ ọ. Nítorí náà, a ní àwọn ọmọ tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tí wákàtí wọn kò ju igba lọ, tí wọ́n jókòó sílé, torí pé ẹni tó ti fò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí ni ilé iṣẹ́ ń wá. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti ẹnjiníà bàálù, NAAPE, sì ti ń pariwo tipẹ́ pé àwọn àjèjì ń gba iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà lè ṣe.

Àwọn ará wa ní Britain ní ìṣòro tiwọn. Iye tó sún mọ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún pọ́n-ùn, ìyẹn £100,000, ni ẹ̀kọ́ náà lè ná ènìyàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń yá a pẹ̀lú èlé. A mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa ribà, kò sí ìdí láti tún un sọ. Ohun tó yẹ ká sọ ni pé ọ̀nà mìíràn wà: láti ọdún 2023, British Airways ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Speedbird Pilot Academy, nínú èyí tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń san owó ẹ̀kọ́ àwọn tó bá yege. Àwọn tó ń du àyè náà pọ̀ gan-an. Kí ọmọ tó yege níbẹ̀, yóò la irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a fẹ́ sọ yìí kọjá.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, àmọ́ wọn kì í jìnnà síra. Wọ́n á yẹ ìwé àṣẹ ọmọ náà wò, wọ́n á yẹ ìwé tó ń kọ wákàtí rẹ̀ sí wò ní ojú ewé dé ojú ewé. Wọ́n á fi kọ̀ǹpútà dán an wò: ìṣirò, ìrántí, àti bóyá ó lè ṣe nǹkan méjì mẹ́ta pa pọ̀ kí orí rẹ̀ má dàrú. Wọ́n á bi í nípa iṣẹ́ gan-an. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú nígbà tí bàálù ń sáré lórí ilẹ̀, ìgbà wo lo ṣì lè dá a dúró, ìgbà wo ló di dandan kí o gbé e fò? Wọ́n á tún mú un wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí iwájú bàálù gẹ́lẹ́, tó ń mì, tó ń pariwo, tí wọ́n lè fi iná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fara pa.

Gbogbo èyí, ọmọ tó bá kàwé lè là á já. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìgbà tí àwọn àgbà méjì tàbí mẹ́ta bá jókòó síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ pé: "Sọ fún wa nípa ọjọ́ tí o ṣe àṣìṣe." Tàbí: "Ìdánwò wo lo ti fìdí rẹmi rí?" Ọmọ tiwa á na ọrùn, á ní òun kò fìdí rẹmi rí. Ó rò pé ìdáhùn tó máa gbé òun wọlé nìyẹn. Ìdáhùn tó máa lé e jáde ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè kì í ṣe àrífín. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù kan já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà, 50 ènìyàn ló kú. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé bàálù náà ti ń tán lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, dípò kí ọ̀gá awakọ̀ tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀, ó fà á sókè. Nígbà tí àjọ NTSB wádìí, wọ́n rí i pé ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò awakọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó gbà á, kò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tó fi wáṣẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 2019, bàálù akẹ́rù Atlas Air já sínú omi ní Texas, àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Igbákejì awakọ̀ ibẹ̀ náà ti fi àwọn ibi tó ti kùnà pa mọ́ fún ilé iṣẹ́ tó gbà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Àmọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tó máa lé e bá, èrò wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ní báyìí, Amẹ́ríkà ti ní ibi kan tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan jọ sí, tí ilé iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Àwa náà kò jìnnà sí irú rẹ̀. Bàálù Dana tó já ní Ìjú-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012 pa gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀, ó sì pa àwọn tó wà nílé wọn jẹ́ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló kú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn pé ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Èkó ṣì jìnnà, tí wọ́n kò sì yà sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn. Ó tún fi hàn pé àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ti fòfin de ọ̀gá awakọ̀ náà fúngbà díẹ̀ lọ́dún 2009, lára ẹ̀sùn rẹ̀ ni àtúnṣe tí kò kọ sílẹ̀ tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Pakistan, ilẹ̀ Mùsùlùmí, mínísítà tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú dìde nílé aṣòfin ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ó ní ìwé àṣẹ awakọ̀ 262 mú ìfura dání, pé ẹlòmíràn ló bá wọn jókòó ṣe ìdánwò. Lóòótọ́, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú wọn láre lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, Europe ti ilẹ̀kùn mọ́ bàálù PIA, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó míráákù sẹ́ńtà kí ọmọ yín lè yege WAEC, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọmọ tí ẹ kọ́ pé kò gbọdọ̀ fìdí rẹmi, tí ẹ sì bá a ra èsì, kì í ní ohun tó máa sọ nígbà tí wọ́n bá bi í pé kí ló rí kọ́ nínú ìkùnà.

Ohun kejì tí wọ́n ń wò tún kan ìtọ́ ilé, ó sì le fún àwa Yorùbá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yìí lè sọ fún àgbà pé nǹkan kò lọ dáadáa. Ní Tenerife, erékùṣù Sípéènì kan, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bàálù KLM àti ti Pan Am kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ nínú kùrukùru, 583 ènìyàn ló ṣòfò. Ọ̀gá awakọ̀ KLM jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà ilé iṣẹ́ náà, òun ló ń kọ́ àwọn yòókù. Ẹnjiníà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá bàálù kejì kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà panu mọ́. Kò pẹ́ tí iná fi sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ awakọ̀ bí ọmọdé ṣe ń kìlọ̀ fún àgbà, àti bí àgbà ṣe ń gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ wa lè wí pé, "Ọ̀gá, a ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ jẹ́ ká gbé e sókè," kó sì tún un sọ, láìjẹ́ pé ó yájú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń gbá lẹ́nu nílé nígbàkigbà tó bá ní, "Bàbá, ibi tí ẹ gbà yìí kọ́ ni ọ̀nà," níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Ká sọ pé wọ́n ti gbà á. Irú ayé wo ló ń lọ gbé? Òfin Europe kò jẹ́ kí awakọ̀ fò ju 900 wákàtí lọ lọ́dún, tàbí 100 láàárín ọjọ́ 28. Ẹni tí kò mọ̀ á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kò ka wákàtí tó fi ń dúró ní pápákọ̀, bàálù tó pẹ́, ìjí aago mẹ́ta òru, àti oorun hòtẹ́ẹ̀lì. Igbákejì awakọ̀ Buffalo yẹn, òru ọjọ́ tó ṣáájú ló fi wọ bàálù láti Seattle wá síbi iṣẹ́. Ọdún Iléyá lè bá awakọ̀ ní ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń dá a padà sínú ẹ̀rọ ìdánwò léraléra títí yóò fi fẹ̀yìn tì, dókítà náà sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Àìsàn kan ṣoṣo lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí àwọn kan fi àìsàn pa mọ́, pàápàá àìsàn ọkàn àti ọpọlọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàálù Germanwings ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2015 nìyẹn, nígbà tí igbákejì awakọ̀ tó fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi bàálù sọ òkè, tí 150 ènìyàn sì kú. Aya tàbí ìyá tó bá rí i pé awakọ̀ rẹ̀ kò sùn mọ́, kó má wulẹ̀ ní kó mọ́kàn le.

Àwọn kan ń béèrè nípa ààwẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, PIA sọ fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fò, ariwo sì ta. Àwa kò rí ohun tí ariwo náà wà fún. Àyè tí Súrátul-Baqarah fún arìnrìn-àjò wà níbẹ̀, awakọ̀ á sì san án padà lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Ẹni tí ebi àti òùngbẹ ń fa ojú rẹ̀ pọ̀, tí ẹ̀mí igba ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ kó máa fi ara rẹ̀ hàn bí akọni. Ìrun náà ní ìgékúrú àti àkópọ̀ fún arìnrìn-àjò.

Ó ku ìwé àdéhùn. Bí ilé iṣẹ́ bá san owó ẹ̀kọ́ irú bàálù tí ọmọ máa wà, wọ́n sábà máa ń ní kó fọwọ́ sí i pé òun yóò ṣiṣẹ́ fún wọn fún iye ọdún kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò san owó náà padà. Ẹ béèrè ọdún mélòó, èló ni, ṣé owó náà ń dín kù bí ọdún ṣe ń lọ, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá dá a dúró. Kí lọ́yà kà á kí ọmọ tó mú bírò, torí pé bó bá ti fọwọ́ sí i, àdéhùn ni, ẹ̀sìn wa kò sì fún un láyè láti sá nítorí pé ilé iṣẹ́ kan ní Doha ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ.