"AI ló kọ ọ́" kì í ṣe ìdáhùn níwájú Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ẹ̀bi tiwa la fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ká tó bá ẹnikẹ́ni wí.

Lóṣù tó kọjá, a sin ọ̀kan nínú àwọn baba ìjọ wa, ẹni ọdún 81. A ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa bá wa kọ ìtàn ìgbésí ayé baba tí a máa kà níbi ìsìn. Ọmọ náà mú fóònù, ó tẹ orúkọ baba fún AI, ó tẹ ọjọ́ orí wọn, ó ní wọ́n fẹ́ràn ọmọdé, wọ́n sì máa ń kọ́ni ní Sunday School. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ìwé ti jáde. Ó dán, ó dùn, kò sí àṣìkọ kan níbẹ̀. Àwa náà gbà á, a sáré wò ó, a gorí pẹpẹ, a fi ohùn ìwàásù wa kà á síta.

Ìwé náà ní baba ṣe tíṣà fún ọdún 35, pé wọ́n fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹ̀yin ará, bíríkìlà ni baba. Wọn ò wọ ilé-ìwé rí àfi láti mọ ògiri rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ po sìmẹ́ńtì jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí ìsìn parí, màmá, opó wọn, rọra bi wá pé: "Pásítọ̀, ẹ má bínú o, òkú ta lẹ sin lónìí?"

Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa? "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, AI ló kọ ọ́."

Gbólóhùn yẹn là ń bá jà lónìí. Ẹnu ọmọ ìjọ kan kọ́ la ti gbọ́ ọ. Ẹnu tiwa ni.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 32. Nígbà tí Mósè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tó bá màlúù wúrà, ó bi Árónì léèrè. Kí ni Árónì wí? Ó ní àwọn èèyàn kó wúrà wá, òun jù ú sínú iná, ọmọ màlúù sì jáde. Ẹ gbọ́ ná! Ṣé iná ló ń gbẹ́ ère ni? Ẹsẹ 4 orí kan náà ti sọ fún wa pé Árónì fúnra rẹ̀ ló fi ohun ọnà ṣe é. Àmọ́ nígbà tí ìbéèrè dé, ó di pé iná ló ṣe é. Ádámù ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú: ó ti ẹ̀bi sí Éfà lọ́rùn, ó tún dọ́gbọ́n fà á kan Ọlọ́run tó fún un ní Éfà. Lónìí, AI ni iná Árónì. A ju ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, ère jáde, a ní a ò mọwọ́ a ò mẹsẹ̀.

Àwọn ilé-ẹjọ́ ayé pàápàá ò gba àwáwí yìí. Ní 2023, ní New York, àwọn lọ́yà kan kó ẹjọ́ mẹ́fà tí ilé-ẹjọ́ kankan ò dá rí síwájú adájọ́. ChatGPT ló hun wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà náà tiẹ̀ bi ẹ̀rọ náà bóyá òótọ́ làwọn ẹjọ́ ọ̀hún, ó sì dáhùn pé òótọ́ ni. Adájọ́ ò pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́ o. Àwọn lọ́yà ló ní kí wọ́n san 5,000 dọ́là, torí orúkọ tiwọn ló wà lábẹ́ ìwé.

Ní Kánádà, ìyá àgbà ọkùnrin kan kú. Ó lọ sórí ìkànnì Air Canada, ẹ̀rọ tó ń dá oníbàárà lóhùn níbẹ̀ sọ fún un pé ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ná, kó wá bèèrè ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ọlọ́fọ̀ tó bá yá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ò fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ yẹn dá dúró láyè ara rẹ̀, òun ni kó dáhùn fún ohun tó sọ! Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n dá wọn lẹ́bi, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó tó lé ní 800 dọ́là Kánádà fún ọkùnrin náà. Àwọn baba wa ti dá ẹjọ́ yẹn tipẹ́: ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan wà lórí pẹpẹ tí wọ́n ń pariwo pé ẹ̀mí òkùnkùn ló wà nínú AI, pé òun ni 666. A bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ a ò ní gbè wọ́n lórí èyí. Ẹni tó ní AI mọ ohun gbogbo àti ẹni tó ní èṣù ló ń darí ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: àwọn méjèèjì ń gbé ẹrù kúrò lórí èèyàn. Tó bá jẹ́ pé èṣù ló sọ baba bíríkìlà di tíṣà, a jẹ́ pé àdúrà ìdè ló kù, kò sẹ́ni tó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá. Ó rọrùn fún àwa pásítọ̀ láti lé ẹ̀mí jáde ju ká sọ pé "Ẹ dárí jì wá, àwa la jẹ̀bi" lọ.

Ẹ̀rọ yìí ò ní ẹ̀mí èṣù, kò sì ní Ẹ̀mí Mímọ́. Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí èèyàn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ẹ ní baba àgbà, ẹ ní ó fẹ́ràn ọmọdé, ẹ ní ó ń kọ́ni. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ìyẹn ni tíṣà. Kò purọ́ bí èèyàn ṣe ń purọ́, torí kò mọ baba rí. Àwa la mọ̀ wọ́n. Àbí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwa ló yẹ ká mọ̀ wọ́n.

A ò ní kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà lọ láìjíhìn o. Ẹ́kísódù 21, ẹsẹ 28 àti 29, sọ ti akọ màlúù tó kan èèyàn pa. Bí olówó rẹ̀ ò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń kàn, màlúù nìkan ló kú. Àmọ́ bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún un tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, òun náà jẹ̀bi ikú. Àwọn tó ń tà á fún wa mọ̀ pé màlúù wọn máa ń kàn. Àwọn fúnra wọn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú fóònù pé ó lè ṣàṣìṣe. Kí wọ́n má sá fún ẹjọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ka ìkìlọ̀ náà, tí a tún tú màlúù sáàárín ìjọ ńkọ́?

Ohun tó dùn wá jù rèé. Ní 1966, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Joseph Weizenbaum, ní MIT l'Amẹ́ríkà, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó yí ọ̀rọ̀ ẹni padà di ìbéèrè. Bí o bá ní inú rẹ ò dùn, á ní kí ló dé tínú rẹ ò dùn. Síbẹ̀, akọ̀wé ọ̀gbẹ́ni yìí, tó ti ń wò ó bó ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù, ní kó jọ̀ọ́ bọ́ síta, kí òun lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kó jìnnìjìnnì bá Weizenbaum débi pé ó kọ odindi ìwé láti fi kìlọ̀ lọ́dún 1976. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn ò ju ọ̀rọ̀ ẹnu akọ̀wé náà fúnra rẹ̀ lọ.

Dígí ni. Jákọ́bù orí kìíní sọ ti ọkùnrin tó wo ojú ara ẹ̀ nínú dígí, tó kúrò níbẹ̀, tó gbàgbé bó ṣe rí. Ìwé tí AI kọ fún wa, dígí ni. Kí la rí nínú ẹ̀? Pásítọ̀ tí kò mọ àgùntàn rẹ̀. Ká ní a ń dé ilé baba nígbà tí ara wọn ò yá ni, ìlà kìíní ni à bá ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀rọ kọ́ ló sọ baba nù mọ́ wa lọ́wọ́. A ti sọ wọ́n nù kí ọmọ yẹn tó mú fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa la rán an níṣẹ́, àwa la ò yẹ iṣẹ́ wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, a lọ sílé màmá. Wọ́n gbé omi fún wa, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sọ ìtàn baba fún bíi wákàtí méjì, a ń fọwọ́ ara wa kọ ọ́. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ wa, èyí tí a ń kẹ́yìn sí wàásù láti ọdún yìí wá, baba ló mọ ọ́n, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Kò sí AI tó lè sọ ìyẹn fún wa, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ka ìtàn tòótọ́ náà, a sì dọ̀bálẹ̀ fún màmá níwájú ìjọ.

Látòní lọ, nínú ìjọ wa:

1. Ẹ lè lo AI, a ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá, orúkọ rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, òun ló máa dáhùn.

2. Ohunkóhun tó bá kan èèyàn, alààyè tàbí òkú, a gbọ́dọ̀ bi òun tàbí ará ilé rẹ̀ léèrè kó tó dé orí pẹpẹ.

3. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ṣe ohùn, àwòrán tàbí ẹ̀rí ẹlòmíì. Ẹ̀rí tí Ọlọ́run ò ṣe, kí ẹ̀rọ má bá a ṣe é.

Ẹ̀rọ ò lè ronú pìwà dà. Kò lè gun ilé ẹni tó ṣẹ̀ lọ, kò lè dọ̀bálẹ̀, ojú ò lè tì í. Èèyàn nìkan ni Ọlọ́run fún ní iṣẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí ìwé bá ṣí, wọn ò ní pe orúkọ ẹ̀rọ kankan. Orúkọ wa ni wọ́n máa pè.

Olúwa, má jẹ̀ẹ́ ká fi iná Árónì bojú. Fún wa ní ẹnu tó lè sọ pé "Àwa ni", kó o sì fún wa ní ẹsẹ̀ tó máa gbé wa dé ilé ẹni tí a ṣẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Bí o bá ní baba tàbí màmá kan nínú ìjọ tí o ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jẹun, pè wọ́n lónìí. Má bi fóònù. Àwọn ni kó o bi.