Ta Ló Ni Wúrà Tí A Rí He Ní Yídì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè gbé mì.

Ní ọjọ́ kejì Iléyá tó kọjá, mo bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Yídì wa. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó gùn bí ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń fi í wá irin nínú ilẹ̀. Bí ó bá ti ké, wọn a wú ibẹ̀. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí hàn mí: kọ́bọ̀ oníhò ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì méjì, ìdérí ìgò, àti yẹtí wúrà ẹyọ kan. Wọ́n ní àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní pápá ilé-ìwé pẹ̀lú. Mo bi wọ́n pé ta ló ni yẹtí. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlùfáà, ilẹ̀ ló ni ín." Ṣé ilẹ̀ a máa lu etí ni?

Mo gba yẹtí náà lọ́wọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá kan wá bá mi fún àdúà. Òrùka wúrà tí ọkọ rẹ̀ fi fẹ́ ẹ ti sọnù lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló fura sí, ó sì ti lé e padà sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ olè. Mo ránṣẹ́ pe àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí. Wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn rí òrùka kan níbi tí àwọn obìnrin ń kírun sí, àwọn sì ti tà á. Ẹni tó rà á ti yọ́ ọ. Ta ló lè búra nísinsìnyí pé òun náà ni?

Àwọn kan ní rìkásì ni, kí a yọ ìdá kan nínú márùn-ún, kó tán. Rárá o. Ìṣúra tí àwọn ará ayé àtijọ́ rì mọ́lẹ̀ kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé ni rìkásì. Ohun tó jábọ́ lára ẹni tó ń kírun jẹ́ ohun àwátì. Ànábì Muhammadu (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) ní kí a mọ àpò rẹ̀ àti okùn tí a fi so ó, kí a sì kéde rẹ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó rí i lè lò ó, ṣùgbọ́n bí olówó bá dé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí àti ọjà ni a ti ń kéde, kì í ṣe inú mọ́sáláṣí. Àwa àlùfáà pàápàá a máa ṣì í ṣe. Ní ti kọ́bọ̀ oníhò, n kò bá wọn jà. Láti 1973 tí náírà ti dé, ta ni yóò máa wá kọ́bọ̀ ayé Gẹ̀ẹ́sì kiri?

Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀. Ní 1992, ní Hoxne nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbẹ̀ kan sọ òòlù nù sóko, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eric Lawes, kó fi irú ẹ̀rọ yìí bá òun wá a. Wúrà àti fàdákà ayé àwọn ará Róòmù ló kàn, ẹyọ owó tó ju 14,000 lọ. Kò wú u tán. Ó dáwọ́ dúró, wọ́n sì sọ fún àwọn aláṣẹ. £1,750,000 ni wọ́n san, òun àti àgbẹ̀ sì pín in. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra wúrà àlòkù, bí ọmọdé bá gbé yẹtí ẹyọ kan wá, ẹ bi í léèrè ìkejì. Ẹ má tètè fẹ́ná sí i.

Yẹtí ti Yídì wà lọ́wọ́ mi. N kò ní sọ bí ó ti rí. Kí ẹni tó sọ ọ́ nù wá ṣàpèjúwe rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó mú ìkejì rẹ̀ dání. Ìyá olórùka ti ṣèlérí fún mi pé òun yóò lọ bẹ ọmọbìnrin náà nílùú rẹ̀; mo ń retí ọjọ́ tí yóò lọ.