Ṣọ́ọ̀kì Wo Ló Bá Ọ̀nà Wa Mu?

Sípíríìngì ló ń gbé ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a lẹ́kun kó má baà máa fò sókè sódò. Písítìn inú rẹ̀ ń ti ọ́ìlì gba ihò tín-ín-rín, ìnira tí ọ́ìlì ń rí láti kọjá níbẹ̀ ló sì ń sọ ìfò náà di ooru. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti jà lójú ọ̀nà gbágungbàgun yóò mọ̀ ọ́n lára.

Oríṣi ṣọ́ọ̀kì méjì ló wà: onípáìpù méjì àti onípáìpù kan. Onípáìpù méjì kò wọ́n, àmọ́ bó bá gbóná jù, afẹ́fẹ́ á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, agbára rẹ̀ á sì rọ. Christian Bourcier de Carbon, ará Faransé, ló gbé onípáìpù kan dé: písítìn kejì ló ya ọ́ìlì sọ́tọ̀ kúrò lára gáàsì. Láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni Bilstein bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún Mercedes-Benz. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Síbẹ̀, bí òkúta bá ta bá páìpù kan ṣoṣo yẹn tó sì tẹ̀ wọnú, písítìn lè há. Ti onípáìpù méjì, páìpù ìta ló máa ń jìyà rẹ̀. Nítorí náà, onípáìpù méjì tuntun ló yẹ ọkọ̀ kábúkábú ju onípáìpù kan tòkunbọ̀ lọ, pàápàá èyí tí ọ́ìlì ti ń sun yí ọrùn rẹ̀ ká.