Ẹ Lọ Wo Àpótí Ara Ògiri Yẹn Lónìí

Ẹ̀yin ará Tanke ní Ìlọrin, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin onílé-ìwòsàn, ẹ̀yin tí ẹ ni jíìmù, ẹ̀yin alámòójútó ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, láti Òkè-Odò dé Típà Gáréèjì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. AED tí ẹ gbé kọ́ ògiri, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí, lè ti kú síbẹ̀. Ìgbà wo lẹ ṣí i wò kẹ́yìn?

Iná kékeré kan wà lójú rẹ̀. Tó bá tàn ní àwọ̀ ewéko, ara rẹ̀ dá. Tó bá di pupa, tàbí tó ń ké tíín, tíín, bí ọmọ adìyẹ, ó ń pè yín ni. Ẹ má yọ bátìrì rẹ̀ kó lè dákẹ́! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé!

Bátìrì yẹn kì í ṣe ti fóònù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣeé ṣáàjì. Ọdún 4 sí 5 ló sábà máa ń lò, ó tán. Tuntun ni kí ẹ rà.

Páàdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà ńkọ́? Oje abẹ́ rẹ̀ ló ń gbé iná wọ ara, oje náà sì ń gbẹ. Nǹkan bí ọdún 2, ó parí. Ọjọ́ rẹ̀ wà lára ọ̀rá. Ẹ̀yin tí ẹ ra tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ yín ló ń bà mí lẹ́rù jù: ẹ̀rọ lè tàn rekete kí páàdì rẹ̀ ti gbẹ bí ìpẹ́. Ẹ sì mọ ooru Ìlọrin lóṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kò gba ooru tó ju 50°C lọ. Ẹ gbé e kúrò nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn!

Ọkàn tó dáwọ́ dúró kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá lọ láìsí iná yẹn, láìsí ẹni tó ń tẹ àyà, àǹfààní àtiyè ń fi ìdá 7 sí 10 nínú 100 dínkù. Ẹ wá ro sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ láti Tanke dé ilé-ìwòsàn UITH.

Agbábọ́ọ̀lù Sam Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Súrùlérè, Èkó, 12 Oṣù Kẹjọ 1989. Ó kú. Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀, ṣubú ní Copenhagen, 12 Oṣù Kẹfà 2021. Wọ́n fi iná ta ọkàn rẹ̀ jí lórí pápá. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù.

Bí ẹ bá ń lò ó fún ẹni tó ṣubú, tí ẹ̀rọ sì ní kí ẹ yẹ páàdì wò, ẹ nu òógùn àyà, ẹ fá irun, ẹ tẹ páàdì mọ́ ara, ẹ ki wáyà rẹ̀ wọlé dáadáa. Kò ṣiṣẹ́ síbẹ̀? Ẹ má dúró wò ó. Ẹ máa fi agbára tẹ àárín àyà, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ẹnìkan pe 112.

Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà? Ṣé ó ti lọ sílé? Ẹ já àgádágodo yẹn kúrò kí ilẹ̀ òní tó ṣú.